Gẹ̀ẹ́sì Ọ̀gá Ògúnrìndé

Bí ẹ bá dé Ẹ̀jìgbò ní àwọn ọdún tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣì jẹ́ ọmọ tuntun, tí ẹ sì gbọ́ tí ọkùnrin kan ń bú ramúramù bí ẹni pé ilé ń jó, ẹ má sáré gbé omi. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnrìndé ni, Alákòóso Ẹ̀kọ́ Àgbà fún gbogbo agbègbè náà. Ó ń kí ẹnì kan káàárọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ògúnrìndé kì í ṣe ènìyàn búburú. Kì í jalè, kì í sì í ṣìkà. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: ó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀, pàápàá nígbà tí ohùn náà bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tó gùn bí okùn kànga. Ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn yóò sọ tán kó tó mí, tirẹ̀ a máa rìnrìn àjò. A gba Ìwó lọ, a yà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó tó padà wá sí Ẹ̀jìgbò láti wá sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun.

Akọ̀wé rẹ̀ ni Òkè. Iṣẹ́ tí ìjọba gba Òkè fún ni títẹ ìwé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an ni gbígbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kiri lẹ́yìn ọ̀gá, nítorí Ògúnrìndé gbà pé kò yẹ kí ọ̀rọ̀ òun kankan bọ́ sílẹ̀ ṣòfò. Nígbàkígbà tí ọ̀gá bá sọ ọ̀rọ̀ kan tó wúwo, Òkè a di ojú, a mi orí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lá oyin, a ní, "Ẹ̀yin lẹ bí Gẹ̀ẹ́sì, sà." Kí n má parọ́ fún yín, Òkè kò mọ ìtumọ̀ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó ń buwọ́ lu ìwé ìgbéga òun.

Lọ́jọ́ kan, Ògúnrìndé pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá mọ́ nínú ọgbà ọ́fíìsì, àti pé Gẹ̀ẹ́sì tí wọn yóò máa sọ gbọ́dọ̀ jẹ́ odindi gbólóhùn. Láti ọjọ́ náà ni ọgbà ti dákẹ́ rọ́rọ́ bí ilé ọ̀fọ̀. Ìyá tó ń gbálẹ̀ kò kí ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí ejò wọlé láti ẹ̀yìn ọgbà, ọlọ́dẹ rí i kedere, ṣùgbọ́n ó dúró ó ń to Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi kéde rẹ̀. Kó tó tò ó tán, ejò ti ká jọ sábẹ́ àga ọ̀gá. Ògúnrìndé fúnra rẹ̀ ló fẹsẹ̀ kàn án, Yorùbá Ẹ̀jìgbò tó mọ́ gaara ló sì fi ké. Wọ́n pa ejò náà. Òfin náà kò kú.

Bí ó ti ń ṣe ní ọ́fíìsì náà ló ń ṣe ní oko. Ó lọ sí Màsífà, ó lọ sí Ọlá, ó lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn láti bẹ àwọn kíláàsì àgbà wò. Ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ó bá àwọn àgbẹ̀ oníṣu sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí oòrùn wà lókè orí títí ó fi tẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ gan-an. Nígbà tí àwọn ará ilé bi àgbẹ̀ kan léèrè ohun tí ọ̀gá sọ, ó ní ọ̀rọ̀ náà dára, ó ní ó dà bí ẹni pé wọ́n máa gbẹ́ kànga kan. Òótọ́ ló sọ. Kò sí ibi tí Ògúnrìndé dé tí kò ṣèlérí. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣèlérí tán, ó máa ń rí i bí ẹni pé iṣẹ́ náà ti parí, nítorí gbólóhùn tó fi ṣe ìlérí náà ti dùn jù.

Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀, ká lọ wo Sàfúrátù.

Àbíjàn ni wọ́n bí Sàfúrátù sí. Àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ẹ̀jìgbò tó ń ṣòwò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú un wálé, Faransé àti Yorùbá ló wà lẹ́nu rẹ̀, kò gbọ́ "come" kò gbọ́ "go". Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé títí ó fi búra pé Gẹ̀ẹ́sì yìí gan-an lòun yóò fi ṣiṣẹ́ jẹun. Ó lọ sí yunifásítì, ó kọ́ ọ, ó padà sílé, ìjọba sì ní kó máa kọ́ àwọn àgbà tó ń bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Gbọ̀ngàn àtijọ́ kan ni wọ́n fún un. Ìjì ti ṣí òrùlé rẹ̀ lọ. Ní ọ̀sán, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ a máa gbé bẹ́ǹṣì tẹ̀lé òjìji ògiri kiri. Bí òjò bá ṣú, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn.

Méjì nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ni ọ̀rọ̀ wa kàn. Èkínní ni Àṣàbí, obìnrin aláṣọ tó ti Àbíjàn dé. Faransé rẹ̀ lè bá ọlọ́pàá bodè jà kó sì borí, ṣùgbọ́n bó bá dé báńkì ní Òṣogbo, ọmọ àbúrò rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀, èyí sì ń dùn ún. Èkejì ni Mùtàlíbù, mẹkáníìkì tí kò sí ẹ́ńjìnnì tí kò lè tú. Ó fẹ́ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba kí wọ́n lè máa gbé mọ́tò ìjọba wá fún un. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò náà, orúkọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti ọ́fíìsì Ògúnrìndé lọ.

Ọ̀nà tí Sàfúrátù ń gbà kọ́ wọn ṣàjèjì. Ní yunifásítì, olùkọ́ rẹ̀ kan ti sọ fún wọn pé àwọn onímọ̀ kan ń kó gbólóhùn tí ènìyàn ti sọ tàbí kọ ní tòótọ́ jọ sínú kọ̀ǹpútà, òbítíbitì, kí wọ́n lè rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn àti ẹni tó máa ń bá a rìn. Sàfúrátù kò ní kọ̀ǹpútà. Pátákó àti ṣọ́ọ̀kì ló ní, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú wọn mú. Ó ní kí wọ́n má dá gbólóhùn sílẹ̀ lórí ara wọn mọ́, kí wọ́n lọ ṣà á wá bí ẹni ń ṣa àgbálùmọ̀. Wọ́n ṣà á lára ìgò òògùn, lára agolo ọ́ìlì, nínú ìròyìn rédíò, lára ìwé ìròyìn tí wọ́n fi pọ́n àkàrà. Wọ́n pe àkójọ náà ní àká ọ̀rọ̀. Sàfúrátù a wá mú ọ̀rọ̀ kékeré kan, a kọ gbogbo gbólóhùn tó ní i nínú sábẹ́ ara wọn lójú pátákó, tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi tò láàárín gbọnrangandan bí bọ́tìnnì ara ẹ̀wù. A ní kí wọ́n wo ọwọ́ òsì, kí wọ́n wo ọwọ́ ọ̀tún, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí.

Bẹ́ẹ̀ ni Mùtàlíbù fi rí ìyàtọ̀ "for" àti "since" fúnra rẹ̀. Ó wo pátákó títí, ó ní, "Tíṣà, 'for' ń wọn bí okùn. 'Since' ń nàka sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀." Inú Sàfúrátù dùn débi pé ó kọ ọ̀rọ̀ náà sójú pátákó.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ògúnrìndé yọ sí wọn láìròtẹ́lẹ̀, Òkè ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú rédíò. Ó ka pátákó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó rí gbólóhùn tó ní ká gbọn ìgò kí á tó mu òògùn. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó béèrè ẹni tó ni Gẹ̀ẹ́sì náà. Sàfúrátù ní gbogbo ènìyàn ló ni í, pé ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ tí wọ́n sì ń kọ lójoojúmọ́ ni.

"Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní bàbá," ni Ògúnrìndé wí. "O wá ń fi ìgò òògùn kọ́ àwọn arúgbó ní Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí èmi, Ògúnrìndé, ṣì ń mí?"

Ó sọ̀rọ̀ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ mo bá yín gé e kúrú. Ìparí rẹ̀ ni pé kíláàsì náà yóò kógbá wọlé bí oṣù bá ti parí, orúkọ ẹnì kankan kò sì ní lọ fún ìdánwò. Mùtàlíbù kàn ń fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀ tí kò dọ̀tí.

Oṣù kò tíì parí tí Òkè fi ti Òṣogbo dé pẹ̀lú ìròyìn. Ó ní ọ̀gá àgbà kan ní ilé iṣẹ́ ẹ̀kọ́, Ìyáàfin Ọmọpẹ́, ti gbọ́ pé ẹnì kan ń kọ́ àwọn àgbà ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ẹ̀jìgbò pẹ̀lú gbólóhùn àkójọ. Ọ̀nà náà wù ú, ó ń bọ̀ wá wò ó. Ó tún ní wọ́n ń wá ẹni tí yóò jẹ́ olórí Ẹ̀kọ́ Àgbà fún gbogbo ìpínlẹ̀. Ògúnrìndé ní kí Òkè tún ìròyìn náà sọ. Ó tún un sọ. Ní ọjọ́ kejì, Ògúnrìndé ránṣẹ́ pe Sàfúrátù, ó fi í jókòó sórí àga onítìmùtìmù, ó sì ṣàlàyé fún un pé òun lòun dá ọ̀nà àká ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó ti pẹ́, nínú ọkàn òun. Kíláàsì kò ní kógbá wọlé mọ́, orúkọ yóò sì lọ fún ìdánwò. Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó: ẹrù inú àká. Láti ọjọ́ náà lọ, kò gbọdọ̀ sí gbólóhùn kankan nínú rẹ̀ bí kò ṣe èyí tó ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde.

Òkè sì gbé àpò kásẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ bí Gẹ̀ẹ́sì, sà."

Sàfúrátù binú débi pé ó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Àṣàbí ló dá a lóhùn.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ ká ṣà á. Ẹnu yòówù kí ọ̀rọ̀ ti jáde, gírámà á wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá lọ, Mùtàlíbù ò ní ṣèdánwò."

Sàfúrátù wo Mùtàlíbù, ó sì mú ṣọ́ọ̀kì.

Ẹ kẹ́dùn pẹ̀lú wọn, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Odindi ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tó gùn tó reluwé ni wọ́n ń gbé mì. Mùtàlíbù délé, ó sọ "notwithstanding" fún ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà sì bi í bóyá ẹ̀yà ara mọ́tò ni. Ṣùgbọ́n Àṣàbí sọ òótọ́, gírámà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí ẹ̀kọ́ ìgbà, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sọ ohun tí a máa ṣe àti ohun tí a ti ṣe tán, Sàfúrátù ní kí wọ́n ṣa gbogbo ibi tí ọ̀gá ti sọ "I shall" àti ibi tó ti sọ "I have". "Èmi yóò" ni "I shall". "I have" sì ni "mo ti", ó ń sọ pé nǹkan náà ti di ṣíṣe.

"I shall" kún pátákó láti etí dé etí. Wọ́n wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀: gbẹ́ kànga, kan òrùlé, ra bẹ́ǹṣì, tún ọ̀nà ṣe, kọ́ yàrá ìkàwé. Wọ́n wá tò "I have" náà, òun pẹ̀lú pọ̀. Wọ́n wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀: dé, sọ, gbọ́, jẹun, rìnrìn àjò, tún sọ.

Mùtàlíbù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di bẹ́ǹṣì mú. Àyà Sàfúrátù já. Ó nu pátákó kíá, ó bẹ gbogbo wọn kí ọ̀rọ̀ náà má jáde, ó sì ní "at" àti "in" làwọn yóò fi han àlejò náà lọ́jọ́ tó bá dé. Wọ́n ṣèlérí fún un, tọkàntọkàn ni wọ́n sì fi ṣe é.

Ọjọ́ àlejò pé. Ògúnrìndé wọ agbádá tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Òkè fi ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ kan kó má baà tẹ̀ ẹ́. Wọ́n to àga sínú gbọ̀ngàn náà fún àwọn àgbààgbà ìlú àti àwọn olùkọ́. Ìyáàfin Ọmọpẹ́ dé ní àkókò tó dá, obìnrin kúkúrú tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó sì jókòó láìdúró de ẹni tí yóò nu àga fún un. Ògúnrìndé bá bẹ̀rẹ̀. N ó túmọ̀ díẹ̀ fún yín: "Nínú ìfarahàn ohun gbogbo tó ṣe é fojú inú wò, láìyọ èyí tí kò ṣe é wò sílẹ̀, inú mi, èyí tó jẹ́ inú alákòóso, wà ní ipò ìdùnnú tó ga ju bí òkè ti ń ga lọ." Ohun tó fẹ́ sọ ni ẹ káàbọ̀. Àwọn àgbààgbà ń tòògbé. Òkè ń mi orí.

Nígbà tó sinmi láti gbé omi mì, Ìyáàfin Ọmọpẹ́ fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ béèrè bóyá òun lè rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Sàfúrátù dìde, ó ní "at" àti "in" ni wọn yóò ṣe. Ògúnrìndé gbọ́wọ́ sókè. Ó ní ọ̀rọ̀ kéékèèké bẹ́ẹ̀ kò yẹ àlejò ńlá. Ó ní kí wọ́n ṣe ti "I shall" àti "I have", nítorí òun gbọ́ pé wọ́n ti kọ́ ọ, ó sì fẹ́ kí àlejò gbọ́ àwọn gbólóhùn náà bí òun ṣe sọ wọ́n gan-an.

Sàfúrátù súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ jẹ́ ká ṣe 'at'."

"Ṣé o fẹ́ fi òṣùwọ̀n bo àtùpà mi ni?" ni Ògúnrìndé wí, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé ẹlòmíràn kì í ju agbéraga sílẹ̀. Ńṣe ló máa ń fúnra rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, á tún bínú sí ẹni tó fẹ́ dì í mú.

Wọ́n kọ wọ́n sí pátákó bí ọ̀gá ti wí. Kì í ṣe pé Àṣàbí fẹ́ tú àṣírí ọ̀gá lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìyáàfin náà bi í ní Gẹ̀ẹ́sì ohun tó rí, kò sì mọ bí ènìyàn ṣe ń wo pátákó tí yóò sọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Ó dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀, kúkúrú, tó tọ́, láìsí ẹnì kan tó bá a sọ ọ́. Ó ní lẹ́yìn "I shall", iṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Ó ní lẹ́yìn "I have", kò sí iṣẹ́ níbẹ̀. Ìrìn ló wà níbẹ̀, àti oúnjẹ, àti ọ̀rọ̀.

Ìyáàfin Ọmọpẹ́ ka àwọn gbólóhùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé èyí tó sọ nípa òrùlé gbọ̀ngàn. Ó gbójú sókè. Ìkùukùu funfun kan ń kọjá lọ lórí wọn láìyára. Ó yí sí Ògúnrìndé, ó ní bóyá kásẹ́ẹ̀tì ló fo ibì kan, kí ó ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. "Ẹ fún wọn ní gbólóhùn kan péré, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 'I have', tí iṣẹ́ wà nínú rẹ̀."

Ògúnrìndé dìde. Ó tún agbádá ṣe. Ó ní "I have", ó sì dúró. Ó wo Òkè. Òkè ń wo kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Òógùn yọ lórí imú ọ̀gá. Níkẹyìn ó gbé e jáde pẹ̀lú agbára: ó ní òun "have every intention", ìyẹn ni pé òun ní i lọ́kàn gan-an láti ṣe é.

Mùtàlíbù na ọwọ́ sókè. Kò fi ṣe ẹ̀sín. Ìdánwò ló wà lọ́kàn rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnì kankan ṣì í lọ́nà. "Ẹ má bínú, sà," ló wí. "'Have' yẹn kọ́ là ń kọ́. Èyí tí ẹ sọ yẹn, ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ ni. Ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbààgbà tó ti ń tòògbé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbà á lẹ́nu ẹni tó tẹ̀lé e, ó ràn káàkiri, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́, ó sì dé ìta gbọ̀ngàn ní ibi tí àwọn èrò ti ń yọjú. Ìyáàfin Ọmọpẹ́ fi ìwé bo ẹnu. Ògúnrìndé jókòó. Àga náà ha mọ́ ọn.

Kí oṣù tó yí, wọ́n ti gba ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyáàfin náà ti rìn dé Ọlá, ó ti dé Màsífà, ibi gbogbo ló sì ti bá "I shall" tó dá dúró láìsí "I have" kankan. Wọ́n kan òrùlé gbọ̀ngàn kó tó di ìgbà òjò. Orúkọ Mùtàlíbù lọ, ó ṣèdánwò, ó yege, ó sì gbé ìwé ẹ̀rí náà kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níbi tí ọ́ìlì kò ti lè ta bá a. Wọ́n ní kí Sàfúrátù máa kọ́ àwọn olùkọ́ ìlú yòókù bí a ṣe ń to àká ọ̀rọ̀. Alákòóso tuntun jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ba Òkè nínú jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, títí ó fi kọ́ bí a ṣe ń yin irú ènìyàn bẹ́ẹ̀: òun náà ń dákẹ́, ó sì ń mi orí sí ìdákẹ́jẹ́ náà.

Ògúnrìndé ńkọ́? Wọn kò lé e kúrò níṣẹ́. Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni wọ́n gbé e lọ, kó máa kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí a ṣe ń kọ Yorùbá tí a sì ń kà á. Gẹ̀ẹ́sì kò sí níbẹ̀ rárá. Ó ń gun ọ̀kadà lọ láràárọ̀ pẹ̀lú ojú tó le, ó sì ń sọ fún ẹni tó ń wà á pé ìṣèlú ni. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ ìyànjú, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ gbọ́ Yorùbá, wọ́n sì ń dá a dúró láti béèrè ohun tó ní lọ́kàn. Èyí kò ṣẹlẹ̀ sí i rí.

Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀, Àbẹ̀bí, tó ń gbin gbágùúdá. Ọwọ́ rẹ̀ ti le mọ́ ọkọ́, pẹ́ńsù ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ògúnrìndé di ọwọ́ náà mú, ó fà á lọ, ó fà á bọ̀, lójoojúmọ́, ó ń mí kanlẹ̀. Ní òwúrọ̀ kan, ìyá náà ní kó fi òun sílẹ̀. Ó dá kọ orúkọ rẹ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀, ó fi àmì sókè, ó fi sísàlẹ̀, ó gbé ìwé náà jìnnà sí ojú, ó wò ó.

"Tíṣà, ṣé èmi rèé?"

Ògúnrìndé la ẹnu. Gbólóhùn ńlá kan ti ń bọ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, pẹ̀lú ìrù àti ìyẹ́. Ó wo ìwé náà, ó wo ojú ìyá náà, ó sì rí i pé ó ń dúró de ìdáhùn.

"Ẹ̀yin ni, Ìyá," ló wí, kò sì fi nǹkan kan kún un.